Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nínú fífi òwú aláwọ̀ méjì hun ìtàn àwọn ará Fínlándì

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ti mọ fìlà àti ìbọ̀wọ́ aláwọ̀ kan hun dáadáa, tí ẹ wá fẹ́ máa fi àwọ̀ méjì ya àwòrán sára aṣọ òtútù, iṣẹ́ yìí kì í sábà bàjẹ́ lọ́wọ́. Orí pépà ló ti ń bàjẹ́, kí a tó dá ojú ìhun àkọ́kọ́ sórí abẹ́rẹ́. Àwòrán ti gbòòrò jù, àwọ̀ méjèèjì ti jọra jù, tàbí kí òwú tí a rà máa yọ̀ bọ̀rọ́. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ ni pé ìtàn tí ẹ fẹ́ hun máa ń tọ́ka ọ̀nà àbáyọ fúnra rẹ̀, bí ẹ bá fara balẹ̀ gbọ́ ọ kí ẹ tó fa ìlà.

Àwọn ará Fínlándì ń pe irú ìhun yìí ní kirjoneule. Neule ni ohun tí a fi abẹ́rẹ́ hun. Kirjo ni ohun tó ní àwọ̀ oríṣiríṣi. Ọ̀rọ̀ kan náà wà nínú àwọn orin àtijọ́ tí Elias Lönnrot kó jọ, tó kọ́kọ́ tẹ̀ jáde ní 1835, tó sì fẹ̀ sí i títí ó fi di orin 50 ní 1849. Kalevala ni orúkọ rẹ̀. Níbẹ̀ ni Ilmarinen alágbẹ̀dẹ ti rọ Sampo, ọlọ àrà tó ń lọ ìyẹ̀fun ní ẹ̀gbẹ́ kan, iyọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kejì, owó ní ẹ̀gbẹ́ kẹta. Kirjokansi ni wọ́n ń ki ọlọ náà, ọlọ onídèérí aláwọ̀ oríṣiríṣi. Inú mi máa ń dùn sí i pé ọ̀rọ̀ tó wà lórí ìdérí ọlọ náà ló wà lára súwẹ́tà.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ òwú ẹ̀yìn, torí òun ló ń ba iṣẹ́ jẹ́ jù. Nínú ìlà kan, òwú méjì là ń mú lọ: ká ní búlúù fún ilẹ̀ aṣọ, yẹ́lò fún àwòrán. Èyí tí a kò lò lọ́wọ́ á na gbalaja lẹ́yìn aṣọ títí a ó fi padà kàn án. Bí ojú 24 bá wà nínú sẹ̀ǹtímítà 10, ojú 5 tàbí 6 fẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 2 lọ díẹ̀. Dé ibẹ̀, òwú ẹ̀yìn lè dá dúró. Bó bá gùn jù bẹ́ẹ̀, ìka àti yẹtí á máa kọ́ ọ. Bí ẹ bá sì fà á le kó má baà kọ́ nǹkan, aṣọ á sún jọ, iwájú á rún. Ohun tí a ń ṣe ni pé kí òwú tí a ń hun gun orí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan láàárín ọ̀nà, kó dè é mọ́lẹ̀. Ẹ má ṣe dè é ní ojú kan náà ní ìlà méjì tó tẹ̀ léra, torí ìlà kan á yọ síwájú bí àpá.

Ó sàn kí àwòrán fúnra rẹ̀ má ṣe béèrè pé kí a máa dè é káàkiri. Ẹ wo ìbẹ̀rẹ̀ Kalevala. Pẹ́pẹ́yẹ omi kan tí wọ́n ń pè ní sotka bà lé orúnkún Ilmatar, ọmọbìnrin òfuurufú, tó ń léfòó lójú omi. Ó yé ẹyin méje: wúrà ni mẹ́fà, irin ni ìkeje. Orúnkún mì, ẹyin yí sómi, wọ́n fọ́. Apá ìsàlẹ̀ èèpo di ilẹ̀, apá òkè di ojú ọ̀run, pupa ẹyin di oòrùn, funfun rẹ̀ di òṣùpá, ohun tó rí tótòtó lára rẹ̀ sì di ìràwọ̀.

Fìlà ló yẹ ìtàn yìí. Ẹyin jẹ́ méje, nítorí náà iye ojú gbọ́dọ̀ ṣeé pín sí méje láìṣẹ́kù. Orí tó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 56 ń fẹ́ fìlà tó kéré sí i díẹ̀ kó lè dì mọ́ ọn, nǹkan bíi 52 sí 53. Ojú 126 á fún wa ní sẹ̀ǹtímítà 52.5, 126 sì jẹ́ 18 lọ́nà méje. Ẹyin kan gba ojú 11 níbi tó ti fẹ̀ jù, àlàfo gba 7.

Ojú 11 pọ̀ jù fún òwú ẹ̀yìn, àmọ́ ẹyin náà fọ́, àbí? Ẹ fi búlúù fa ìlà sísán kan láti orí ẹyin dé ìdí rẹ̀, ojú kan péré ní ìlà kọ̀ọ̀kan, kó máa yà sọ́tùn-ún yà sósì. Ojú 11 á di 5, 1, 5. Bó bá yẹ̀, kó má yẹ̀ ju ojú kan lọ, kí ẹ̀gbẹ́ tó gùn má baà ju 6 lọ. Lókè àti nísàlẹ̀ tí ẹyin ti tín-ín-rín dé ojú 5, àlàfo á fẹ̀ di 13. Ẹ fi ojú yẹ́lò kan sí àárín rẹ̀ bí ìràwọ̀, ó di 6, 1, 6. Ohun tí orin sọ gan-an lẹ yà yẹn, òwú ẹ̀yìn sì kúrú. Ibi tí àlàfo ti jẹ́ 7 nìkan lẹ ó ti de yẹ́lò mọ́lẹ̀, ní ojú kẹta nínú ìlà kan, ní ojú karùn-ún nínú èyí tó tẹ̀ lé e.

Ẹyin irin ni ìṣòro. Bí ẹ bá mú òwú aláwọ̀ eérú yí gbogbo fìlà ká nítorí ẹyin kan ṣoṣo, òwú mẹ́ta ni yóò wà nínú ìlà, fìlà á nípọn, á sì le. Ẹ fi ibi ẹyin keje sílẹ̀ ní búlúù, ẹ máa de yẹ́lò mọ́lẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ ní ojú márùn-ún márùn-ún. Bí fìlà bá parí, ẹ fi abẹ́rẹ́ ìránṣọ tí ẹnu rẹ̀ kú tọ ipa ojú kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú òwú aláwọ̀ eérú, kó bo búlúù. Ẹ má ṣe hun ún ní yẹ́lò kí ẹ tó bò ó, torí yẹ́lò á máa yọjú láàárín, irin á sì dà bí ohun tó dípẹtà.

Nípa ìrísí, ojú kan kì í ṣe igun mẹ́rin tó dọ́gba. Bí ojú bá jẹ́ 24 nínú sẹ̀ǹtímítà 10 ní ìbú, tí ìlà sì jẹ́ 28 ní gíga, ojú kan fẹ̀ ju bó ṣe ga lọ. Òṣùpá tí ẹ bá yà sórí pépà gíráàfù lásán ní ojú 11 àti ìlà 11 á tẹ́ pẹrẹsẹ lára aṣọ: 4.6 ní ìbú, 3.9 ní gíga. Ìlà 13 ló ń sọ ọ́ di rogodo. Ẹyin wa gba ìlà 17, kó ga tó sẹ̀ǹtímítà 6.

Abẹ́rẹ́ 3 mìlímítà ni kí ẹ fi hun etí fìlà, sẹ̀ǹtímítà 5, ojú kan sísàlẹ̀, ojú kan sókè. Méjì-méjì kò ní bá a mu, torí 126 kò ṣeé pín sí 4. Lẹ́yìn náà, ẹ bọ́ sórí abẹ́rẹ́ 3.5: ìlà búlúù 3, ìlà ẹyin 17, ìlà búlúù 3. Láti ibẹ̀, ẹ máa pa ojú méjì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan nínú ìpín méjèèje, ní ìlà kejì-kejì, nígbà mẹ́jọ. Lẹ́yìn náà, ní gbogbo ìlà, nígbà mẹ́jọ mìíràn. Ojú 14 ló máa kù. Ẹ fa òwú gbà inú wọn, ẹ sì dì í pinpin. Gíga fìlà á jẹ́ nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 22. Ẹ ra 100 gíráàmù búlúù àti 50 yẹ́lò. Díẹ̀ á ṣẹ́kù nínú méjèèjì, ìyẹn sàn ju kí búlúù tán lórí, kí ẹ wá rí òmíràn tí wọn kò rẹ nínú aró kan náà.

Ní ti òwú, irun àgùntàn ló ń mú irú ìhun yìí dúró, kì í ṣe ẹwà rẹ̀ nìkan la fi ń lò ó. Ìpẹ́ kéékèèké wà lára irun náà. Wọ́n máa ń di ara wọn mú, ojú kò ní í yọ̀, àlàfo kéékèèké láàárín àwọ̀ méjì á sì kún lẹ́yìn fífọ̀ àkọ́kọ́. Àgùntàn ìbílẹ̀ Fínlándì, suomenlammas, ni irun tó rọ̀ tó sì ń dán díẹ̀. Funfun, dúdú, búráùn àti àwọ̀ eérú ló ń wá ní àdánidá. Kainuunharmas tún wà: dúdú ni wọ́n ń bí ọmọ rẹ̀, irun rẹ̀ á wá di àwọ̀ eérú bó ti ń dàgbà. Òun ni èmi yóò yàn fún ẹyin irin, láìsí aró kankan.

Òwú superwash ni wọ́n ti pa ìpẹ́ rẹ̀ rẹ́ kó lè wọ ẹ̀rọ ìfọṣọ. Ó dára fún aṣọ ọmọdé, àmọ́ ó máa ń nà tó bá tutù, etí àwòrán kò sì ní í mú. Ẹ̀yin tí ẹ wà nílé, ẹ fiyè sí èyí: òwú tí wọ́n ń fi dirun lọ́jà, tí gbogbo wa ń pè ní wúùlù, akírílíìkì ni, kò ní irun àgùntàn kankan nínú. Ẹ lè fi kọ́ ọwọ́. Ẹ má ṣe fi hun súwẹ́tà tí ẹ ó gé níwájú láti sọ ọ́ di oníbọ́tìnì, torí bí sáàsì bá ti kàn án, ojú á máa tú lọ ni. Irun àgùntàn gidi dúró de sáàsì, bí ẹ bá ti fi ojú 5 kún àárín fún gígé, tí ẹ sì rán ẹ̀gbẹ́ méjèèjì kí ẹ tó gé e.

Ìbọ̀wọ́ ni ti béárì. Àwọn ọdẹ àtijọ́ ní Fínlándì kì í dárúkọ rẹ̀ ní gbangba, gẹ́gẹ́ bí a kì í ti pe ejò ní ejò lóru, tó jẹ́ okùn la máa ń pè é. Wọ́n ń pè é ní Otso, wọ́n tún ń pè é ní mesikämmen, alátẹ́lẹwọ́-oyin. Orúkọ náà ti sọ ibi tí àwòrán yẹ kó wà àti àwọ̀ tó yẹ ẹ́: àtẹ́lẹwọ́ ìbọ̀wọ́, òwú aláwọ̀ oyin. Ọwọ́ tó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 20 ní àyíká gba ojú 56 bí ojú 28 bá wà nínú sẹ̀ǹtímítà 10, lórí abẹ́rẹ́ 2.5, 28 fún ẹ̀yìn ọwọ́, 28 fún àtẹ́lẹwọ́. Ẹ̀yìn ọwọ́ á gba ìràwọ̀ ẹlẹ́nu mẹ́jọ, kahdeksankanta, tó jẹ́ ojú 25, pẹ̀lú ojú 3 fún etí. Nínú ìbọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kí òwú ẹ̀yìn ju ojú 3 tàbí 4 lọ, torí inú rẹ̀ ni ìka ń gbà kọjá. Àtẹ́lẹwọ́ ló sì kọ́kọ́ ń gbó, nítorí náà òwú ìbọ̀sẹ̀ ni kí ẹ lò, ìdá 75 irun àgùntàn àti 25 náílọ́nù, èyí tí gíráàmù kan rẹ̀ gùn tó mítà 4. Òwú ilé-iṣẹ́ Novita tí wọ́n ń pè ní 7 Veljestä ní àdàlù kan náà, àmọ́ mítà 2 péré ni gíráàmù kan rẹ̀. Ojú bíi 40 ló máa gbà, kahdeksankanta olójú 25 kò sì ní í wọ ẹ̀yìn ọwọ́ tó ní ojú 20.

Ẹyẹ odò Tuonela, odò àwọn òkú, rọrùn ju bí ẹ ṣe rò lọ: joutsen, ẹyẹ omi ọlọ́rùn gígùn, ní funfun lórí omi dúdú. Ọrùn ló máa ń bàjẹ́. Ọrùn olójú kan tó ń tẹ̀ á pòórá. Ẹ ṣe é ní ojú 3. Ẹ fi ojú dúdú kéékèèké ṣe ìyẹ́ sí ara rẹ̀, kí òwú ẹ̀yìn lè kúrú. Òjìji rẹ̀ nísàlẹ̀ omi lè jẹ́ àwọ̀ eérú, torí ìlà tirẹ̀ yàtọ̀, òwú méjì náà ló ṣì máa wà nínú ìlà kan. Yẹ́lò ẹnu rẹ̀, abẹ́rẹ́ ìránṣọ ni kí ẹ fi ṣe é nígbẹ̀yìn.

Àmì kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ ṣọ́ra fún, tursaansydän. Àmì ìdáàbòbò àtijọ́ ni, àmọ́ àwọn ẹ̀yà rẹ̀ kan jọ àmì tí àwọn Násì lò, ẹni tó bá rí i láyà yín kò ní í béèrè ìtàn. Hannunvaakuna, igun mẹ́rin tó ní ìkọ́ roboto ní igun kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n máa ń fín sára ilé àti àká, ni kí ẹ lò dípò rẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá àwọ̀ méjì yàtọ̀ síra tó, ẹ fi fóònù ya wọ́n ní dúdú àti funfun. Pupa àti àwọ̀ ewé lè yàtọ̀ gan-an lójú yín, kí wọ́n sì di eérú kan náà nínú fọ́tò. Àwòrán tí ẹ bá fi wọ́n hun kò ní í hàn lókèèrè. Òwú tó ń gba ìsàlẹ̀ wá lẹ́yìn aṣọ ló máa ń yọ jù síwájú. Òwú àwòrán ni kó máa gba ìsàlẹ̀, láti ìlà àkọ́kọ́ dé ìkẹyìn. Bí ẹ bá yí i padà láàárín, ìdajì ẹyin á ràn, ìdajì á ṣá.

Aṣọ ìdánwò gbọ́dọ̀ jẹ́ ní àwọ̀ méjì, ní ìhun àyíká, ó kéré tán ojú 40. Ìhun aláwọ̀ méjì sábà máa ń fún ju aláwọ̀ kan lọ. Ìdí nìyí tí abẹ́rẹ́ fi ń fẹ̀ sí i ní 0.25 tàbí 0.5 mìlímítà. Ẹ rẹ ẹ́ sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ fún 30 ìṣẹ́jú, ẹ má bó o, ẹ tẹ omi jáde nínú táwẹ́ẹ̀lì, ẹ jẹ́ kó gbẹ pátápátá kí ẹ tó wọn ojú rẹ̀. Nínú omi kan náà ni kí ẹ ti dán aró wò: ẹ we òwú pupa àti búlúù mọ́ tíṣù funfun kí ẹ tó rì wọ́n. Èyí tó bá kun tíṣù náà, ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á, tàbí kí ẹ tọ́jú rẹ̀ fún iṣẹ́ tí funfun kò sí nínú rẹ̀.