Ọpẹ́ Lórí 41,000

Ẹ bá mi yin Olúwa! Halelúyà!

Mo kí Bàbá Alùfáà, mo kí Ìyá Ìjọ, mo kí gbogbo ará. Màá ṣe é ní kúkúrú. Ẹ dákun, ẹ má rẹ́rìn-ín.

Aránṣọ ni mí, ẹ mọ ṣọ́ọ̀bù mi. Kò sí aránṣọ tí abẹ́rẹ́ kì í gún; a ó fi ìka sẹ́nu, a ó máa báṣẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n ìgbà kan dé tí abẹ́rẹ́ bá gún mi, ẹ̀jẹ̀ kò ní dá. Mo fi ẹ̀jẹ̀ ba léèsì oníléèsì jẹ́. Tí mo bá run pákò, itọ́ mi á pọ́n. Àmì pupa wínníwínní sú sí mi lójúgun, mo tẹ̀ ẹ́ títí, kò parẹ́. Wọ́n ní ibà ni, mo lo oògùn ibà. Àfìgbà tí nǹkan oṣù mi dé tó kọ̀ tí kò lọ, tí òòyì ń kọ́ mi, ni bàbá àwọn ọmọ mi bá sáré gbé mi lọ sílé ìwòsàn.

PCV mi, ìyẹn ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ ara mi, jẹ́ 18. Ti obìnrin tára rẹ̀ le máa ń tó 36. Èyí tó já wọn láyà jù ni platelet, ohun tó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ dì. Ó yẹ kó lé ní 150,000. Tèmi, 9,000! Wọ́n gún eegun ìbàdí mi, wọ́n fa mùdùnmúdùn rẹ̀ wò (ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n ròyìn ìyẹn). Wọ́n ní eegun ń ṣiṣẹ́ rẹ̀, ara mi fúnra rẹ̀ ló ń pa platelet bí ẹni pa ọ̀tá. ITP ni wọ́n pè é. Kì í ràn. Ẹ̀yin ìyá mi tó gbé ọbẹ̀ ugu àti omi pòròpòrò wá, ẹ ṣeun. Mo jẹ, mo mu, ṣùgbọ́n platelet kò dá wa lóhùn.

Ẹgbẹ́ akọrin, Ọlọ́run ó san án fún yín. Nígbà tí wọ́n ní ká mú ẹni tó máa fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ wá, ẹ̀yin lẹ wá. Ọ̀kan nínú yín tí kì í fẹ́ rí abẹ́rẹ́ sójú ló kọ́kọ́ na apá.

Wọ́n fún mi ní prednisolone, oògùn tí kì í jẹ́ kí ara máa pa platelet bẹ́ẹ̀. Ojú mi wú, ebi ń pa mí lóru. Àwọn kan ní owó ti dé! Díẹ̀díẹ̀ ni dókítà bá mi dín in kù, torí a kì í dá a dúró lójijì.

Ẹ ń retí kí n sọ pé platelet mi ti di 200,000, kí ẹ hó yèè. N ò ní parọ́ níwájú pẹpẹ. 41,000 ni. Dókítà ní bó bá ti lé ní 30,000, tí ẹ̀jẹ̀ ò sì dà, ká máa ṣọ́ ọ. Ó ń gòkè, ó ń sọ̀. Èmi náà ń rán aṣọ. Aṣọ ìkórè tí ẹgbẹ́ Dọ́káàsì wọ̀ yìí, ọwọ́ mi ló ti jáde. Búrọ́ọ̀ṣì tó rọ̀ ni mo fi ń fọ eyín, aspirin àti ibuprofen kì í wọlé mi, bí nọ́ọ̀sì bá sì fẹ́ gún mi nídìí, màá ti sọ fún un pé mo ní ITP kó tó fa oògùn.

Bàbá Alùfáà, ọrẹ ọpẹ́ mi rèé. Ẹgbẹ́ akọrin, ẹ gbé orin, ẹ wá bá mi jó. Àmọ́ ẹ rọra o, ẹ má tì mí!