Bí Wọ́n Bá Bi Yín Pé "Kí La Ó Gbé Wá?", Ẹ Dárúkọ Nǹkan

Ìléyá tó kọjá yìí ṣì ń dùn mí. Mo ní kí n kọ ọ́ kí inú mi tó rọ̀, torí tí inú bá ti rọ̀ tán, èèyàn a máa bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀.

Ẹ̀yin ìyàwó ilé tó wà l'Ájàṣẹ́ (Porto-Novo, ní ilẹ̀ Benin), ẹ mọ bó ṣe ń rí. Nínú agboolé kan ṣoṣo, ìmàle ń bẹ, Àgùdà ń bẹ, ẹni tó ń bọ Ògún náà ń bẹ. Tí ọdún bá dé, gbogbo wọn ló ń bọ̀ wá jẹun, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ wá lọ́wọ́ òfo.

Ọmọ Àjárá ni ìyàwó àbúrò ọkọ mi. Kò tíì pẹ́ tó wọlé, kò sì níkà nínú. Ó pe ilé kí ọdún tó dé, ó béèrè ohun tóun lè gbé wá. Ìyá ọkọ mi ló dá a lóhùn (èmi kọ́ o): "Má yọ ara rẹ lẹ́nu, ṣáà máa bọ̀." Ọmọ wo la sọ bẹ́ẹ̀ fún tí kò ní gbé nǹkan? Ìyá rẹ̀ jí ní kùtùkùtù, ó se ọbẹ̀ abọ́ méjì, adìyẹ fún àwa àna, ẹlẹ́dẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n ọmọ náà tó ń gbé lápá Wàǹdó. Ẹ kúkú mọ ẹlẹ́dẹ̀ Àjárá, àwọn ará Kútọnu ń wọkọ̀ wá jẹ ẹ́. Abọ́ méjèèjì jọra, aṣọ tí wọ́n fi dì wọ́n jọra. Ìyàwó fi ọ̀kan sílẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́nà, ó gbé ìkejì wá bá wa.

Wọ́n ti ti Yídì dé. Ẹran àgbò ṣì wà lórí iná, ebi ń pa àwọn àgbà. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin ní kí n gbé èyí tó wà nílẹ̀ síwájú Bàbá ọkọ mi ná. Mo gbé e. Wọ́n rán mi, mo jẹ́ iṣẹ́. Bàbá fọwọ́, wọ́n ṣe bísímílà, wọ́n bu òkèlè àkàsà, wọ́n tì í bọnú ọbẹ̀. Ìgbà náà ni ọmọ mi ọkùnrin, tó jókòó tì wọ́n, na ọrùn wo inú abọ́, ó ní: "Háà! Ẹlẹ́dẹ̀ rèé!"

Òkèlè wà lọ́wọ́ Bàbá. Kò dé ẹnu. Mo fi Ọlọ́run ṣẹlẹ́rìí pé kò dé ẹnu. Ọbẹ̀ ń kán láàárín ìka wọn sára agbádá funfun, gbogbo ilé dákẹ́, àfi ẹnì kan lẹ́yìn tó ń béèrè pé níbo lọmọ yìí ti mọ ẹlẹ́dẹ̀. Ojú gbogbo wọn yí sọ́dọ̀ mi. Ìyàwó ti wà lórí ìkúnlẹ̀, ó ń gbọ̀n. Ẹ̀gbọ́n wá là á mọ́lẹ̀: "Ta ló gbé nǹkan yìí síwájú Bàbá?" Ẹ̀gbọ́n yẹn náà o! Mo wo ọkọ mi, ọkọ mi ń wo ilẹ̀.

Bàbá fọwọ́, wọ́n ní ohun téèyàn ò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Àgbò jinná, a jẹ, a mu.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ni pé tí àlejò bá béèrè ohun tóun ó gbé wá, kí ẹ dárúkọ rẹ̀ fún un. Ẹ sọ ọ̀pẹ̀ òyìnbó, ẹ sọ búrẹ́dì, ẹ sọ ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Ohun tí kò ní ẹran nínú ni kí ẹ sọ. Kì í ṣe àìlọ́wọ̀. Ẹni tó béèrè fẹ́ mọ̀ ni, tí ẹ bá ní kó máa bọ̀ lásán, ẹ ti ní kó lọ méfò.

Ẹ gba abọ́ ní ilé ìdáná, kí ẹni tó gbé e wá fúnra rẹ̀ ṣí i, kó sọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Mo fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, wọn ò jẹ́ kí n ráyè. Ẹ má sì dá abọ́ padà lófìfo, kódà tí ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kan ohun tó wà nínú rẹ̀. Ìdá kan nínú mẹ́ta ẹran Ìléyá ṣáà jẹ́ ti ẹbí àti aládùúgbò, ẹ bù ú sí i. Bí mo ṣe ṣe fún ìyàwó nìyẹn, ó sì rẹ́rìn-ín kó tó lọ.

Ṣùgbọ́n kí ẹ dárúkọ nǹkan ló ṣe pàtàkì jù. Mọ́lídì ń bọ̀, mo ti pín ohun tí kálukú ó gbé wá. Ìyàwó ń gbé ọ̀pẹ̀ òyìnbó bọ̀. Ẹ̀gbọ́n náà pè, wọ́n ní kí làwọn ó gbé wá. Mo ní omi tútù.

Wọ́n ní, "Omi lásán?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, Ẹ̀gbọ́n, kó pọ̀ díẹ̀ ni o.