Igi tíìkì àti ìbọn àbúrò mi

Sátidé, aago mẹ́wàá alẹ́ ku díẹ̀.

Pátákó tíìkì tí mo rà ní ọjà pátákó Bódìjà lóṣù mẹ́ta sẹ́yìn ti gbẹ dáadáa, ni mo bá gbé e lé bẹ́ǹṣì láàárọ̀. Bí mo ṣe fá a lẹ́ẹ̀kan péré ni òórùn rẹ̀ jáde, òórùn bí awọ tí wọ́n fi epo pa, ọkàn mi sì fò lọ sí Brisbane, sọ́dọ̀ ìbọn àbúrò mi. Ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ kọ nípa ìbọn yẹn.

Ọdún 2018 ni mo lọ kí i ní Ọsirélíà. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì tí mo débẹ̀ ló ṣí àpótí irin tí wọ́n dè mọ́ ògiri, ó fa ìbọn gígùn kan yọ. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wo igi rẹ̀ ná." Ó mọ̀ pé igi ni n ó kọ́kọ́ wò. Tíìkì ni, wọ́n ti fi epo pa á títí ó fi ń dán bí ara ẹja àrọ̀.

Ẹni tó bá rí i lókèèrè á ní Máàkì Fóò ni, ìbọn Lee-Enfield tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbé fún sọ́jà wọn nígbà ogun Hitler, tí ọlọ́pàá Nàìjíríà sì ń gbé kọ́ èjìká títí pẹ́ lẹ́yìn òmìnira. Ṣùgbọ́n ìbọn yìí kò lọ ogun kankan. Ilé iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Australian International Arms ló ṣe é lákọ̀tun ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 2000: Vietnam ni wọ́n ti rọ àwọn ẹ̀yà ara rẹ̀, wọ́n wá tò ó pọ̀ ní Ọsirélíà. No. 4 Mk IV ni wọ́n pè é. Ọta .303 ti àtijọ́ ní ètè nídìí. Bí ètè ọ̀kan bá há sẹ́yìn ètè èkejì nínú ilé ọta, ìbọn ò ní ṣiṣẹ́ mọ́. Èyí tuntun yìí ń jẹ ọta 7.62 ti àjọ ológun NATO tí kò ní irú ètè bẹ́ẹ̀, mẹ́wàá ni ilé ọta rẹ̀ sì ń gbà. Àwọn ará Íńdíà ti ṣe irú nǹkan báyìí ní Ishapore láti àwọn ọdún 1960, àmọ́ ìbọn tó ṣáájú Máàkì Fóò ni wọ́n fi ṣe àwòṣe, ilé ọta tiwọn sì ń gba méjìlá. Ti Brisbane yìí ṣọ̀wọ́n. Ọdún méjì gbáko ni àbúrò mi fi wá a kó tó rí ẹni tó fẹ́ tà.

Àwọn kan á ní ayédèrú ni. Èmi ò gbà. Àga tí mo ń kàn lónìí, àwòrán rẹ̀ ni ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ń kàn kí wọ́n tó bí mi. Àga gidi ni, ènìyàn ń jókòó lé e, kò yẹ̀. Ẹni tó bá fi sùúrù tún nǹkan ìṣáájú ṣe, tí nǹkan náà sì ń jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n torí rẹ̀ ṣe é, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni, kì í ṣe ẹ̀tàn.

Níbí, òfin ìbọn wa ti 1959 ka ìbọn ológun mọ́ ohun tí aráàlú kò gbọdọ̀ ní, torí náà ọ̀hún ni mo ti fọwọ́ kan irú rẹ̀. Ọ̀hún náà kò rọrùn: láti ìgbà ìpànìyàn Port Arthur ní 1996 ni wọ́n ti mú òfin wọn le, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀.

Sátidé la lọ sí pápá ìyìnbọn Belmont. Ọta mẹ́ta àkọ́kọ́ tí àbúrò mi yìn bá ìwé níbi kan náà. Bí ọ̀pá ìbọn ṣe ń gbóná ni ọta bẹ̀rẹ̀ sí í sún lọ sókè, ó ń yà sọ́tùn-ún. Ojú rẹ̀ fà ro. Ẹni tó tà á fún un ti búra pé kò lábùkù kankan. Mo ní kí wọ́n tú igi kúrò lára irin kí n wò ó. Igi kì í sinmi. Ó ń mumi lójò, ó ń sún kì lẹ́ẹ̀rùn, ohunkóhun tó bá sì dì mọ́ra ni yóò tì.

Alàgbà kan tó ń tún ìbọn ṣe níbẹ̀ fi èéfín àbẹ́là kun irin náà dúdú, ó dá a padà sínú igi, ó tún tú u. Ibi tí dúdú bá kàn, ibẹ̀ ni irin ti ń tẹ igi. Nítòsí ibi tí ìka ti ń fa ìbọn, igi náà ní èjìká kékeré méjì, ọ̀kan lósì, ọ̀kan lọ́tùn-ún, àwọn ló ń gba ìtàpá. Ti òsì dúdú kirimú. Ti ọ̀tún mọ́ roro bí ìgbà tí wọ́n gé e. Ti òsì nìkan ló ti ń ru gbogbo ẹrù láti ọdún mélòó kan! Èmi ni mo gé ègé igi tín-ín-rín tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọ̀tún. Mo jẹ́ kí orí igi dojú kọ ibi tí ìtàpá ń gbà wá, torí tó bá jẹ́ ẹ̀gbẹ́ igi ni, kò ní pẹ́ tí yóò fi tẹ̀ wọlé. Alàgbà náà mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni, ó ní bí wọ́n ṣe kọ́ òun nìyẹn.

Sátidé tó tẹ̀lé e, ọgọ́rùn-ún mítà, ọta mẹ́wàá. Àtẹ́lẹwọ́ mi bo gbogbo wọn.

Ohun tí mo ń rò nìyẹn nígbà tí Bàbá wọlé ní aago mẹ́rin. Mo dọ̀bálẹ̀, mo gbé àga fún wọn. Ọlọ́pàá ni Bàbá tẹ́lẹ̀, Máàkì Fóò ni wọ́n gbé títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì ní 1983. Mo fi fídíò àbúrò mi hàn wọ́n. Wọ́n wò ó díẹ̀, wọ́n wá gbé fóònù kúrò lójú, wọ́n fi mọ́ etí.

"Àjàní, ohùn rẹ̀ nìyẹn."

"Ìyìnbọn náà ni, sà?"

"Rárá. Irin yẹn. Ó ń lọ, ó ń bọ̀."

Wọ́n nawọ́ mú igi tíìkì tẹ́ẹ́rẹ́ kan lórí bẹ́ǹṣì mi, wọ́n fi ìdí rẹ̀ ti èjìká, wọ́n gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé e. Ọwọ́ ọ̀tún tí kì í lè ṣí ìdérí ìgò mọ́ gbéra: sókè, sẹ́yìn, síwájú, sílẹ̀. Ó tún ṣe é. Lára Lee-Enfield, ọwọ́ irin tí ń ti ọta wọlé yẹn kò jìnnà sí ibi tí ìka ti ń fa ìbọn, irin rẹ̀ kì í sì í lọ jìnnà sẹ́yìn, ìdí nìyẹn tí kì í fi í pẹ́. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Bàbá kò kúrò lára igi lẹ́ẹ̀kan.

"Bí ojú rẹ bá kúrò níbẹ̀, sájẹ́ǹtì á nà ọ́." Wọ́n wá ka nọ́ńbà ìbọn wọn fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, wọn ò dúró ronú.

Ẹ̀ẹ̀mẹfà la wo fídíò náà. Mo ti kọ̀wé sí àbúrò mi pé kó ká ohùn irin náà nìkan fún Bàbá, kó ṣí i, kó tì í, láìsí ọta nínú rẹ̀, kó gbé fóònù súnmọ́ ọn. Ilẹ̀ ti mọ́ lọ́dọ̀ wọn báyìí. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fèsì: òun á ṣe é bí àwọn bá ti ti ìsìn dé.