Oṣù mẹ́ta ni mo ní lọ́kàn

Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2008, mo yá 300,000 náírà nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwa olùkọ́ n'Ìbàdàn, mo fi ra ṣíà, ìyẹn ìpín, nínú báńkì kan. Ẹni tí a jọ ń kọ́ni ti rà, ó ti tà, ó sì ti fi èrè rẹ̀ kan òrùlé ilé. Èmi náà fẹ́ mú un dání fún oṣù mẹ́ta péré, kí n tà á, kí n dá owó ẹgbẹ́ padà, kí n fi ìyókù san owó ilé-ìwé àwọn ọmọ.

Náírà 18 ni mo rà á. Nígbà tó fi máa di oṣù Ẹrẹ́nà, ó ti wọ 23. Mi ò tà á, mo ní kó pé 30 ná. Oṣù yẹn gan-an ni ọjà ṣíà Èkó dé góńgó, tí atọ́ka rẹ̀, ìyẹn òǹkà tó ń fi bí iye ṣíà lápapọ̀ ṣe ń lọ hàn, lé ní 66,000. Nígbà tí ọdún kan fi yí po, atọ́ka náà ti já wálẹ̀ sí nǹkan bí 20,000.

Ohun tó dùn mí jù ni pé mi ò rí i tà. Ní oṣù Ògún 2008, àwọn aláṣẹ ọjà ṣíà pàṣẹ pé iye ṣíà kò gbọdọ̀ já ju ìdá 1 nínú 100 lọ lóòjọ́. Wọ́n fẹ́ dáàbò bo ọjà ni, àmọ́ ta ni yóò ra ohun tó mọ̀ pé yóò tún dínwó lọ́la? Àwa tó fẹ́ tà tò lọ rẹrẹ bí ẹni tò fún epo bẹntiróòlù, kò sí olùrà.

Nígbà tí ọ̀nà tún ṣí, ọkọ mi bi mí pé, "Ṣé o ò ní gba ìwọ̀nba tó kù ni?" Mo ní, "Ẹ jẹ́ ó wà níbẹ̀, ọlọ́jọ́ pípẹ́ ni." Irọ́ ni mo pa fún ara mi. Ẹni tó gbin obì mọ ilẹ̀ tó gbìn ín sí. Èmi ò ka ìwé ìṣirò báńkì náà rí, mi ò mọ iye tó yá àwọn èèyàn tí wọn ò san. Bí ẹni ra tòmátì láti tún tà ni mo ṣe rà á, alátòmátì sì mọ̀ pé bí ilẹ̀ bá ń ṣú, kóun tà á ní iyekíye. Ní oṣù Ògún 2011, ìjọba gba báńkì náà, ṣíà mi sì di òfo. Wọ́n ti gé gbèsè ẹgbẹ́ tán lára owó oṣù mi nígbà yẹn.

Nítorí náà, tí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé ṣé kóun rà kóun tètè tà ni, àbí kóun rà kóun dúró, mo máa ń kọ́kọ́ béèrè irú owó tó jẹ́. Owó ilé tí ẹ máa san lọ́dún tó ń bọ̀, kó má dé ọjà yìí rárá. Owó àyálò, ẹ má tilẹ̀ dárúkọ rẹ̀ sí mi.

Ẹni tó ń rà tó ń tètè tà ní ohun tó ń jẹ ẹ́ lábẹ́nú. Owó alágbàtà, owó àwọn aláṣẹ ọjà àti owó orí, lápapọ̀ lè tó náírà 2 nínú 100 nígbà tí ẹ bá ń rà, bákan náà nígbà tí ẹ bá ń tà. Ẹni tó ra ti 100 tó tà á ní 104 kò jèrè kankan. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe wà, iṣẹ́ òòjọ́ wọn ni. Olùkọ́ tó ti wà ní kíláàsì láti aago 8 kò lè bá wọn du ú.

Ọjọ́ pípẹ́ ni èmi yàn, ṣùgbọ́n kì í ṣe oògùn. Títí di 2023 ni ọjà Èkó kò fi padà sí ibi tó wà ní 2008, ọdún 15 gbáko! Dọ́là tó jẹ́ nǹkan bí náírà 118 ní 2008 sì ti ju 700 lọ ní 2023. Èrè ọdọọdún tí ilé-iṣẹ́ ń pín ló ran àwọn tó dúró lọ́wọ́, àti rírà díẹ̀díẹ̀ nígbà tó wálẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ń rà lọ́dún, pẹ̀lú owó tí mi ò ní fọwọ́ kàn fún ọdún 5. Kí n tó rà, mo máa ń kọ ìdí tí mo fi rà á sínú ìwé kékeré kan, àti ohun tó lè mú kí n tà á. Mi ò gbọdọ̀ pa á rẹ́ tí iye rẹ̀ bá já.

Ẹ̀yin tí ṣíà yín ti wálẹ̀, tí ẹ ń sọ pé ọlọ́jọ́ pípẹ́ ni, ẹ dákun, ká ní owó rẹ̀ ló wà lọ́wọ́ yín lónìí, ṣé ẹ máa tún un rà? Ẹ sì kọ nọ́ńbà àkáǹtì àti BVN yín fún àwọn tó ń tọ́jú orúkọ onípìn-ín, kí èrè yín máa wọlé tààrà lẹ́yìn tí ìjọba bá ti yọ ìdá 10 tirẹ̀. Ìwé èrè mẹ́ta ni mo rí nínú àpótí mi tó ti pẹ́ jù, báńkì ò gbà á mọ́.