Ohùn yín ni kẹ́ ẹ fi kọ ọ́: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nídìí kíkọ ọ̀rọ̀ ara mi síta

Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ ń bi mí bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀ búlọ́ọ̀gì tara ẹni, mi ò ní sọ̀rọ̀ nípa bẹ́ ẹ ṣe máa ṣí i tàbí bó ṣe máa rẹwà, ìyẹn ò gbà ju ọ̀sán ọjọ́ kan lọ. Ohun tó gbà mí lọ́dún mẹ́ta gbáko kó tó yé mi ni mo fẹ́ sọ, ìyẹn béèyàn ṣe ń kọ nǹkan tí ẹni tó mọ̀ ọ́n máa kà táá sì ní ẹ̀n-ẹ́n, òun gan-an ló ń sọ̀rọ̀ yìí.

Lọ́dún àkọ́kọ́, gbogbo ohun tí mo kọ ló dà bí lẹ́tà tí wọ́n kọ sí ọ̀gá àgbà. Mi ò lè kọ pé ẹ̀rù bà mí, màá ní "ẹ̀rù sábà máa ń ba ọ̀pọ̀ èèyàn nírú àsìkò báyìí". Ẹ wò ó dáadáa, ẹ̀rù tèmi ni mo gbé ka ọ̀pọ̀ èèyàn lórí yẹn o. Ibi tọ́rọ̀ bá ti fẹ́ kàn mí gan-an ni mo ti máa ń sá sẹ́yìn "ọmọ aráyé" àti "àwa ẹ̀dá". Ọ̀rẹ́ mi kan tó máa ń ka gbogbo nǹkan tí mo bá kọ ló pè mí lọ́jọ́ kan, ó ní "ta ló kọ eléyìí? Torí ìwọ kọ́ o." Ó dùn mí, mo bá a jiyàn títí. Àmọ́ nígbà tílẹ̀ ṣú mo ka nǹkan ọ̀hún sókè sí etí ara mi, ahọ́n mi sì ń kọsẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ tí èmi fúnra mi kọ, torí kò sígbà kankan tí mo sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí láyé mi.

Ohun tó bá mi tún un ṣe ò le rárá. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi fóònù gba ohùn mi sílẹ̀, màá sọ ọ̀rọ̀ náà bíi pé ọ̀rẹ́ mi yẹn ni mo ń sọ ọ́ fún, lẹ́yìn náà màá wá jókòó gbọ́ ọ, màá sì máa kọ ọ́. Kì í ṣe gbogbo ẹ̀ ló wúlò, ọ̀rọ̀ ẹnu máa ń yí po, èèyàn lè sọ nǹkan kan náà lẹ́ẹ̀mẹta láàárín ìṣẹ́jú kan, àmọ́ ibi tí mo bá ti dákẹ́ díẹ̀ kí n tó sọ nǹkan, ibi tí ohùn mi bá ti rọlẹ̀ lójijì, ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ máa ń wà. Mo tún máa ń gé ìpínrọ̀ àkọ́kọ́ dànù. Ẹ gbìyànjú ẹ̀ wò, lọ́pọ̀ ìgbà ńṣe ni mo kàn ń wúkọ́ níbẹ̀ kí n tó sọ̀rọ̀.

Ọdún kejì ni mo wá ṣàkíyèsí nọ́ńbà, ìyẹn iye èèyàn tó ń ka ohun tí mo bá kọ. Mo kọ nǹkan kan pẹ̀lú ìbínú, ìbínú gidi ni, àwọn èèyàn sì kà á ju gbogbo èyí tí mo ti ń kọ bọ̀ lọ. Láàárín oṣù tó tẹ̀ lé e mo kọ mẹ́rin tó jẹ́ ti ìbínú, bẹ́ẹ̀ inú ò bí mi o, ńṣe ni mo ń wá ohun tí mo máa bínú sí kiri! Àárọ̀ kùtù, kí n tó fọ ẹnu, mo ti ń wo iye èèyàn tó wọlé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé nǹkan yẹn kúrò lójú yín. Ní tèmi o, òpin oṣù nìkan ni mo ń wò ó báyìí, nígbà míì mi ò tiẹ̀ rántí.

Èyí tó ṣòroó gbà fún mi jù ni pé èèyàn lè kọ òótọ́ láì gbé e síta. Lọ́dún 1986, James Pennebaker àti Sandra Beall, tí wọ́n ń ṣèwádìí nípa ìrònú àti ìwà èèyàn ní Amẹ́ríkà, ní káwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì kan máa kọ̀wé fún ìṣẹ́jú 15 lójúmọ́ fún ọjọ́ 4 tẹ̀léra. Àwọn kan kọ kìkì ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wọn tó dùn wọ́n, àwọn kan kọ kìkì bó ṣe rí lára wọn, àwọn kan kọ méjèèjì pọ̀, àwọn yòókù sì kọ nípa nǹkan tí ò tó nǹkan. Láàárín oṣù mẹ́fà tó tẹ̀ lé e, àwọn tó kọ méjèèjì pọ̀ ni kì í fi bẹ́ẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn ilé ìwé wọn. Ohun tó wọ̀ mí lára ni pé wọn ò kọ ọ́ kí aráyé lè pàtẹ́wọ́ fún wọn. Látìgbà tí mo ti mọ̀ yẹn ni mo ti ní ìwé kan tẹ́nì kankan ò ní rí, ibẹ̀ ni mo máa ń da gbogbo ẹ̀ sí, ohun tó ṣẹlẹ̀ àti bó ṣe rí lára mi. Tó bá pẹ́ díẹ̀ tí mo kà á tí àyà mi ò já mọ́, ìgbà yẹn ni màá ṣẹ̀ṣẹ̀ rò ó bóyá ó yẹ kó jáde.

Tó bá wá kan ọ̀rọ̀ ibiṣẹ́ yín, ti pé kéèyàn má gbé e síta yìí tiẹ̀ tún lágbára jùyẹn lọ. Lọ́dún 2002 ni iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ Heather Armstrong, obìnrin ará Amẹ́ríkà kan tó ń kọ búlọ́ọ̀gì, nítorí ohun tó kọ nípa ibiṣẹ́ ẹ̀ sórí ojúewé ẹ̀ tó ń jẹ́ dooce, àwọn èèyàn sì sọ orúkọ ojúewé yẹn di ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń lò fún ẹni tíṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀ lọ́nà bẹ́ẹ̀. Mo mọ̀ pé ibẹ̀ ni ìtàn tó dùn wà, àmọ́ ẹ jẹ́ kó gbé inú ìwé yín ná.

Kí n má gbàgbé, ẹ máa tọ́jú ẹ̀dà gbogbo nǹkan tẹ́ ẹ bá kọ sọ́wọ́ ara yín. Ilé iṣẹ́ Yahoo ra GeoCities, ìyẹn ibi táwọn èèyàn ti ń ṣí ojúewé tara wọn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, lọ́dún 1999, nígbà tó di October 2009 wọ́n tì í pa, àwọn tó fẹ́ kó nǹkan tí wọ́n ti ń kọ fún ọdún gbọọrọ sì ní láti sáré.

Ọ̀rẹ́ mi tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, mo ṣẹ̀ ẹ́. Mo fẹ́ ṣàlàyé nǹkan kan tó ń dùn mí nínú ilé wa, mo bá mú ìjà tó wà nínú ilé tiwọn ṣe àpẹẹrẹ, mo sì yí orúkọ padà, mo rò pé ìyẹn tó. Gbogbo ẹni tó mọ̀ ọ́n ló mọ̀ pé òun ni. Kò pariwo lé mi lórí, ó kàn bi mí pé, "ṣé èmi ni mo ní kó o bá mi sọ ọ́?" Mo yọ ọ́ kúrò lọ́jọ́ yẹn gan-an, àmọ́ ẹnì kan ti dà á kọ sí ibòmíì, ẹyin lọ̀rọ̀ lóòótọ́. Látìgbà yẹn, ẹni tó bá wà nínú nǹkan tí mo kọ ló máa kọ́kọ́ kà á, tó bá sì ní kí n yọ ibì kan, màá yọ ọ́, kódà bó jẹ́ ibẹ̀ ló dùn jù. Méjì wà tí ọ̀rẹ́ mi yìí ti ní rárá sí. Lójú tèmi, àwọn méjèèjì ló dáa jù nínú gbogbo ohun tí mo ti kọ, inú ìwé mi ni wọ́n ṣì wà.