Kálípà Ò Gbà fún Sípíà

Àbúrò mi kan wà, tẹ́ ẹ bá fẹ́ kọ́kàn yín balẹ̀ ẹ má bi í léèrè nǹkan kan nípa bíréèkì, torí tó bá ti bẹ̀rẹ̀ ẹ lè wá àga jókòó, ilẹ̀ á ṣú bá yín níbẹ̀. Ọkọ̀ kan ṣoṣo ló ní. Òun ló ń gbé lọ síbi iṣẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀, òun náà ló tún ń gbé lọ sí tíráàkì ní wíkẹ́ńdì, níbi táwọn àgbààgbà ọkùnrin ti ń sáré yí po yí po tí ẹnì kankan nínú wọn ò sì débì kan. Ó ti sú ìyàwó ẹ̀, àmọ́ ìyẹn ò sí nínú ọ̀rọ̀ tá à ń sọ.

Ọjọ́ tí ẹsẹ̀ ẹ̀ kanlẹ̀ lórí bíréèkì ní tíráàkì lọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Nǹkan kan ò já o, ọ́ìlì bíréèkì ló hó. Bó ṣe ṣàlàyé ẹ̀ fún mi nìyí (àìmọye ìgbà): tó o bá ń sá 200 kìlómítà láàárín wákàtí kan, tó o wá tẹ bíréèkì tó bọ́ sí 100, ooru tí bíréèkì máa gbé mì á tó ìlọ́po mẹ́ta èyí tó máa gbé mì tó o bá ń bọ̀ láti 100 tó o dúró pátápátá, bẹ́ẹ̀ 100 náà lo ṣáà dín kù nígbà méjèèjì. Ooru yẹn á wọ dísìkì, irin róbótó tó ń bá táyà yí, á wọ páàdì tó ń fún dísìkì mọ́ra kó lè dúró, á gba inú kálípà, irin tó di páàdì mú tó ń tì í mọ́ dísìkì, kọjá títí á fi bá ọ́ìlì níbi tó fara pamọ́ sí. DOT 4, irú ọ́ìlì bíréèkì kan, tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nínú agolo, kò gbọdọ̀ hó kó tó dé 230 dígíìrì, àmọ́ ọ́ìlì yìí máa ń fa omi mu látinú afẹ́fẹ́ díẹ̀díẹ̀, tó bá ti mu omi yó, 155 péré lèèyàn lè fọkàn tán an dé. Tó bá wá hó báyìí, atẹ́gùn gbígbóná ló máa kún inú páìpù, atẹ́gùn ò sì le bí ọ́ìlì, o tẹ̀ ẹ́ ó kàn ń sún kì ni, ọkọ̀ ò gbọ́. Àbúrò mi yà bàrà sínú koríko lọ́jọ́ náà. Nǹkan kan ò ṣe é, ọkọ̀ ò ha pàápàá, àmọ́ ọkùnrin tó wá sílé lálẹ́ ọjọ́ yẹn kì í ṣe ẹni tó jáde láàárọ̀ mọ́.

Ó kọ́kọ́ da ọ́ìlì nù, ó ra èyí tí kì í hó àfi tó bá kọjá 300. A ní ó dáa, ó gbọ́n. Ó tún ra dísìkì ràbàtà méjì fún iwájú pẹ̀lú kálípà onípísítìnnì mẹ́rin mẹ́rin, nígbà tó dé i tán ríìmù tó bá ọkọ̀ wá ò lè wọlé mọ́, ló bá tún ra ríìmù ńlá mẹ́rin. Ẹ di ọ̀rọ̀ ríìmù yẹn mú fún mi, mò ń bọ̀ wá gbà á.

Ó wá kan afẹ́fẹ́. Ó yọ iná fọ́ọ̀gì méjèèjì kúrò lára bọ́ńpà, ó ki họ́ọ̀sì íǹṣì 3 bọ ojú ihò wọn, ó fà á dé àárín dísìkì gan-an. Mo ní kí ló dé tí ò kàn jẹ́ kó máa fẹ́ sójú dísìkì, ó wò mí tàánútàánú, èmi ẹ̀gbọ́n ẹ̀ o! Ó ní dísìkì yẹn ní àlàfo nínú, bó bá ń yí àárín ló ti ń fa afẹ́fẹ́ táá sì máa fọ́n ọn jáde létí, téèyàn bá wá ń fẹ́ ẹ sójú kan, ojú kan á tutù, ojú kejì á máa jó, kó tó pẹ́ dísìkì á sán. Mo ní mo ti gbọ́. Kò dúró. Ó gbé mi dé ibi ìdíje eré ọkọ̀ Le Mans ní ilẹ̀ Faransé lọ́dún 1953, níbi tí Jaguar C-Type ti fi bíréèkì onídísìkì gba ipò kìíní tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó kù ṣì ń bá dúróòmù, bíréèkì ayé àtijọ́, fà á, ó tún gbé mi dé 1955 nígbà tí Mercedes so pátákó ńlá kan mọ́ ẹ̀yìn 300 SLR, tí awakọ̀ á ṣí i sókè kí atẹ́gùn lè bá bíréèkì fa ọkọ̀ dúró. Mo ní ṣé ó máa so ìlẹ̀kùn mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ tiẹ̀ náà ni. Kò dáhùn. Mo sì rí i lójú ẹ̀ pé ó ń rò ó.

Ó kù sí Mọ́ńdè kan. Àǹtí wa, àbúrò màmá wa, fẹ́ wọ bàálù láàárọ̀, ọkọ̀ tèmi sì wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Àbúrò mi ju kọ́kọ́rọ́ tiẹ̀ sí mi, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ rọra wà á o, àná ni mo dé láti tíráàkì, mi ò tíì pààrọ̀ páàdì padà," bọ́ọ̀sì ibi iṣẹ́ wọn sì dé, ó fò sínú ẹ̀, ó lọ. Ọkùnrin tó máa ń ṣàlàyé títí ẹnu á fi bó, ọjọ́ tí mo nílò àlàyé gan-an ni ò ráyè.

Ní oríta àkọ́kọ́, mo tẹ bíréèkì, bíréèkì ní kí n ní sùúrù. Kì í ṣe pé ó rọ̀ o, pẹ́dà le gbagidi lábẹ́ ẹsẹ̀ mi, ọkọ̀ ni ò rí ìdí tó fi yẹ kóun dúró. Mo gbé ẹsẹ̀ kejì lé e, mo fi ẹ̀yìn ti àga, a wá dúró nígbà tí imú ọkọ̀ ti kọjá ìlà funfun. Mo wẹ̀gbẹ́ báyìí, Àǹtí náà ti na ẹsẹ̀ méjèèjì, wọ́n ń tẹ bíréèkì níbi tí bíréèkì ò sí, wọ́n di báàgì funfun wọn mọ́ àyà. Wọ́n ní, "Ṣé o mọ̀ ọ́n wà?"

Ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni mo wá mọ̀ pé páàdì tíráàkì kì í mú tó bá tutù, òmíràn wà tó jẹ́ pé tí ò bá tíì kọjá 200 dígíìrì kò ní fojú kàn yín dáadáa, bẹ́ẹ̀ wíwa ọkọ̀ jẹ́jẹ́ láàárín ìlú, agbára káká kí bíréèkì tó gbóná tó bẹ́ẹ̀. Ẹ tún wá fi họ́ọ̀sì méjì tó ń fẹ́ atẹ́gùn òwúrọ̀ sí i lára kún un. Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ kó yé wa: àbúrò mi náwó kí bíréèkì ẹ̀ má baà gbóná, ó tún wá náwó ra páàdì tí ò ní ṣiṣẹ́ àfi tó bá gbóná. Ní tíráàkì ó bọ́gbọ́n mu o, ooru tó wà níbẹ̀ tó àwọn méjèèjì í pín. Àmọ́ èmi àti Àǹtí, pápákọ̀ òfuurufú là ń lọ.

A wọ inú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, ibẹ̀ ni bíréèkì ti wá rí ohùn. Tí mo bá ti tẹ̀ ẹ́ fẹ́ẹ́rẹ́ báyìí, á han, á han bí ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n so lẹ́sẹ̀, gbogbo èèyàn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì á yíjú. Ọmọ kan di etí. Ọkùnrin kan nínú ọkọ̀ ẹ̀gbẹ́ wa sọ gíláàsì kalẹ̀, ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, páàdì yín ti jẹ tán o!" Mo ní tuntun ni. Ó wò mí, ó yí gíláàsì ẹ̀ sókè padà. Àǹtí ní, "Ta lẹ̀ ń pa lábẹ́ ọkọ̀ yìí gan-an?"

Nígbà tá a dé títì márosẹ̀ tí ọkọ̀ ń sáré tí a ò nílò bíréèkì, mo rò pé ara máa tù wá. Nǹkan kan bẹ̀rẹ̀ sí í lù pàrà-pàrà-pàrà nínú bọ́ńpà, họ́ọ̀sì ti fa ọ̀rá mì. Mo dúró, mo fà á yọ, a ń lọ, kò pẹ́ kò jìnnà, táyà iwájú lápá òsì jò pátápátá. Ìṣó ni.

Mo ṣí bọ́ọ̀tì, mo rí òkúta ńlá kan. Ohun tí òkúta yẹn ń ṣe níbẹ̀ ni pé àbúrò mi kì í fa hándì-bíréèkì tó bá ti tíráàkì jáde, ó ní tí páàdì gbígbóná bá lẹ̀ mọ́ ojú kan lára dísìkì gbígbóná á sàmì síbẹ̀, ọkọ̀ á wá máa gbọ̀n, torí náà á kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ jẹ́jẹ́ yípo lẹ́ẹ̀kan kí gbogbo ẹ̀ tutù, á páàkì, á fi òkúta ti táyà. Òkúta wúlò fún mi náà, mo fi ti táyà ẹ̀yìn, mo fi jáàkì gbé iwájú sókè, mo tú táyà, mo gbé sípíà, ẹ mọ àwọn sípíà tíńtín tó bá ọkọ̀ wá yẹn, mo tì í wọlé.

Kọ́.

Mo tún un tì. Kọ́. Ihò kojú ihò, gbogbo ẹ̀ bára mu, àmọ́ inú ríìmù kékeré yẹn ti forí sọ kálípà, ó ku bí ìwọ̀n àtàńpàkò kó wọlé, kálípà ò sì yẹ̀. Mo yí i sápá ọ̀tún, mo yí i sápá òsì, mo fi ẹsẹ̀ tì í, mo bẹ̀ ẹ́. Eruku dúdú páàdì ti bò mí dé ìgbọ̀nwọ́. Mo pe àbúrò mi, mo fi í sórí sípíkà.

"Ẹ̀gbọ́n mi, iwájú ni àbí ẹ̀yìn?"

"Iwájú."

Ó dákẹ́ díẹ̀. "Hẹn-ẹn. Kálípà yẹn ò ní gbà fún un."

"Kí ló wá ń ṣe nínú bọ́ọ̀tì?"

"Ó bá ọkọ̀ wá ni."

Àǹtí ti sọ̀kalẹ̀ nígbà yẹn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n ń yẹ kálípà wò. Wọ́n ní, "Nǹkan gàgàrà yìí, ṣé ó wà lẹ́yìn náà?" Mo ní rárá mà, iwájú nìkan ló pààrọ̀. "Táyà ẹ̀yìn ńkọ́, ṣé ọgbọọgba lòun àti tiwájú?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni mà. "Ṣebí kó o yọ tẹ̀yìn wá síwájú, kó o gbé kékeré yẹn sẹ́yìn."

Mo dúró, mi ò lè sọ̀rọ̀. Orí fóònù ni àbúrò mi ti bẹ̀rẹ̀: "Ó tọ̀nà bẹ́ẹ̀ Àǹtí, ó tiẹ̀ tún dáa jù bẹ́ẹ̀, torí ẹsẹ̀ iwájú ló ń fa ọkọ̀ yẹn, ẹ ò sì ní fẹ́ kí táyà tóóró máa..." Àǹtí pa fóònù.

Mo gbé jáàkì lẹ́ẹ̀mejì, mo tú táyà méjì torí ìṣó kan, a wá ń lọ ní 80, torí wọ́n kọ ọ́ sára sípíà yẹn gàdàgbà pé ká má sá jù bẹ́ẹ̀. A dé bó ṣe ku díẹ̀ kí wọ́n ti géètì. Mo bá Àǹtí gbé báàgì wọn sílẹ̀, ìka mi márààrún sì jáde sí i lára ní dúdú kirikiri. Wọ́n gba fóònù lọ́wọ́ mi kí wọ́n tó wọlé, wọ́n pe àbúrò mi. Wọ́n ní, "Kálípà yẹn, o rà á?" Ó ní bẹ́ẹ̀ ni mà. "Ríìmù ńkọ́?" Ó rà á. "Họ́ọ̀sì?" Ó rà á mà. "Sípíà tó máa wọ̀ ọ́ ńkọ́?" Bí fóònù ṣe pa kẹ́kẹ́ nìyẹn.

Ó ti ra sípíà báyìí, táyà gidi tó dọ́gba pẹ̀lú àwọn mẹ́rin tó kù. Alẹ́ Sọ́ńdè náà ló ti ń pààrọ̀ páàdì padà, tí Mọ́ńdè bá wá mọ́, bíréèkì á mú láti oríta àkọ́kọ́ láìhan, ó sì ti gé ọmọrí fún ẹnu họ́ọ̀sì. Ọjọ́ tí Àǹtí padà dé, àwa méjèèjì la lọ gbé wọn. Táyà ràbàtà yẹn ti gba gbogbo bọ́ọ̀tì, kò síbi tí àpótí máa wọ̀. Àǹtí wo táyà, wọ́n wo àpótí, wọ́n wo àbúrò mi, wọ́n ní èmi ni màá wakọ̀, kí àbúrò mi lọ jókòó sẹ́yìn kó gbé àpótí lé itan. A ò rí orí ẹ̀ títí a fi délé, ṣùgbọ́n láti ẹ̀yìn àpótí la ti ń gbọ́ ohùn ẹ̀, pé tó bá jẹ́ pé a gba òun láyè kó ra kálípà tó kéré díẹ̀ ju èyí lọ, ó dá òun lójú pé...