Èèyàn Mélòó Ló Ti Júbà Ẹ?

Ọjọ́ kẹta tí mo dé Akúrẹ́ ní Disẹ́ńbà tó kọjá ni bàámi bi mí pé kí ni mò ń wá lórí fóònù láràárọ̀ kí n tó fọ ẹnu. Wọ́n rò pé alert báńkì ni mò ń retí. Mo ní rárá bàámi, Google Scholar ni, ibi tí Google ń kó pépà àwa olùṣèwádìí jọ sí, mò ń wo iye àwọn tó ti tọ́ka sí iṣẹ́ mi. Wọ́n ní kí n tún un sọ. Ẹ̀yìnkùlé wọn ní Ọ̀bà-Ilé la jókòó sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé adìyẹ, iná ò sí, ọyẹ́ ń fẹ́, mo sì ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí ò ní tán bọ̀rọ̀.

Mo ti pé ọdún mẹ́sàn-án ní Amẹ́ríkà. Immunology ni iṣẹ́ mi, ìyẹn ìmọ̀ nípa bí ara ṣe ń bá àrùn jà, B cell ni mo sì gbájú mọ́, àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣe antibody tí ara fi ń mú kòkòrò àrùn mọ́lẹ̀. Físà mi ti ń sún mọ́ àtitán, èmi àti lọ́yà ń to ìwé fún gíríìnì káàdì, ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní NIW (National Interest Waiver), tí èèyàn fi lè tọrọ fún ara ẹ̀ láìjẹ́ pé iléeṣẹ́ kankan ló dúró fún un. Fọ́ọ̀mù I-140 lèèyàn máa kọ. Láti ìgbà tí wọ́n ti dá ẹjọ́ kan tí wọ́n ń pè ní Dhanasar ní 2016, nǹkan mẹ́ta ni wọ́n ń wò: ṣé iṣẹ́ ẹ níye lórí tó sì kan orílẹ̀-èdè wọn, ṣé ìwọ gan-an lè gbé e débi tó yẹ, ṣé ó máa ṣe wọ́n láǹfààní tí wọ́n bá gbójú kúrò lórí pé kò sí iléeṣẹ́ tó gbà ẹ́ síṣẹ́ kí wọ́n tó dáwọ́ lé ìwé ẹ. Kò síbi tí òfin ti kọ ọ́ pé citation báyìí, ìyẹn iye ìgbà tí àwọn míì tọ́ka sí iṣẹ́ ẹ, ni kéèyàn ní o. Ṣùgbọ́n inú gbogbo WhatsApp group àwa ọmọ Nàìjíríà tó ń ṣe ìwádìí níbẹ̀, kí wọ́n tó bi ẹ́ pé báwo ni àwọn ọmọ, wọ́n á ti bi ẹ́ pé citation mélòó lo ní. Mo ti rí àwọn tó ń sunkún lórí nọ́ńbà yẹn, àwọn tó gbóná nínú iṣẹ́ wọn. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń wò ó láràárọ̀.

Bàámi dákẹ́ fúngbà díẹ̀. Wọ́n wá ní, "Ṣé ìbà nìyẹn?"

Wọ́n ní onílù tó bá dé ojú agbo á kọ́kọ́ júbà ẹni tó kọ́ ọ nílù, ọmọdé tó bá fẹ́ pa òwe níwájú àgbà á ní tótó ó ṣe bí òwe, kí wọ́n lè mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ti wà kí wọ́n tó bí i. Ara mi ya gágá. Láti ọdún tí mo ti wà nínú iṣẹ́ yìí kò sẹ́ni tó tíì ṣàlàyé ẹ̀ fún mi tó yé mi tó báyẹn. Mo ní bẹ́ẹ̀ gan-an ni, ẹni tó bá kọ pépà lónìí gbọ́dọ̀ sọ ọ̀dọ̀ ẹni tó ti rí ohun tó fi bẹ̀rẹ̀, Google Scholar tó dé ní 2004 ló kàn ń bá wa ka iye ìbà. Àwọn kan wà tó ń ki ara wọn o, tí wọ́n á kọ pépà márùn-ún tán, ìkẹfà á máa tọ́ka sí márààrún. Àwọn míì tiẹ̀ ń tà á, wọ́n ti kọ̀wé sí mi rí pé kí n sanwó kí wọ́n tọ́ka sí mi nínú pépà tí mi ò mọ̀dí ẹ̀. Bàámi ní ìbà tí wọ́n bá rà, ṣé ìbà náà nìyẹn.

"Tìẹ ńkọ́, èèyàn mélòó ló ti júbà ẹ?"

Mo ní 312. Mo ní h-index mi jẹ́ 7. Èyí ni mo fi adìyẹ wọn ṣàlàyé: adìyẹ ni pépà, ẹyin ni citation. Ká ní ẹ ní adìyẹ 9, ẹ to gbogbo wọn láti orí èyí tó yé jù, tẹ́ ẹ bá rí 7 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ti yé tó ẹyin 7, tí ẹ ò sì lè rí 8 tó yé tó 8, h-index yín di 7 nìyẹn. Jorge Hirsch, ọ̀jọ̀gbọ́n físíìsì kan ní California, ló gbé e kalẹ̀ ní 2005, káyé má baà máa fi adìyẹ kan ṣoṣo tó yé jù yangàn. Wọ́n ní nínú tèmi, mélòó ni èyí tó yé jù yé? Mo ní 241. Ojú wọn là. Wọ́n ní kí n sọ nípa ìyẹn.

Pépà COVID ni, ti 2021. Àwa mọ́kàndínlógún la kọ ọ́, èmi ni ìkeje. Ẹni tó ṣe iṣẹ́ jù ló máa ń ṣíwájú, ọ̀gá tó ni lábù ló máa ń kẹ́yìn, bàámi ní ó dáa bẹ́ẹ̀ nítorí ọba náà ló máa ń kẹ́yìn jáde. Èmi ni mo ka antibody inú ẹ̀jẹ̀ àwọn tó ti gba abẹ́rẹ́, mo ṣe é tọkàntọkàn, oṣù mẹ́ta ni mi ò fi rójú sùn dáadáa. Ṣùgbọ́n ọ̀kan lára iṣẹ́ ọ̀pọ̀ èèyàn ni.

Èyí tó jẹ́ tèmi gangan, tí orúkọ mi ṣíwájú, 14 péré ni citation ẹ̀. Ibà Lassa ló dá lé.

Ẹ jẹ́ kí n dúró síbí díẹ̀. Àwa ará ìpínlẹ̀ Oǹdó, a ò nílò kí ẹnikẹ́ni sọ fún wa ohun tí Lassa jẹ́. 1969 ni wọ́n ti kọ́kọ́ dá kòkòrò náà mọ̀, ìlú Lassa ní Borno ni wọ́n sì fi sọ ọ́, ṣùgbọ́n lọ́dọọdún tí ẹ bá wo ìròyìn, Oǹdó, Ẹdó àti Bauchi lẹ máa rí lókè. Tí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti dé, Ọ̀wọ̀ ni ọkàn gbogbo wa máa ń lọ. Eku ló ń gbé e kiri, ó lè tọ̀ sórí gààrí tí wọ́n sá sẹ́bàá títì, ẹni tó bá ń tọ́jú aláìsàn lè kó o lára ẹ̀. Màmá ọ̀rẹ́ mi kan tá a jọ ka sẹ́kọ́ńdírì ló pa, ibà lásán ni wọ́n kọ́kọ́ pè é, ìgbà tí wọ́n máa fi mọ ohun tó jẹ́ ọjọ́ ti lọ. Torí màmá yẹn ni mo ṣe kọ pépà náà nígbà tí mò ń ṣe máàsítà nílé.

Lọ́yà ní ká fi COVID síwájú, ká fi Lassa sísàlẹ̀, nítorí 14 ò wuyì lójú. Ó dùn mí gan-an. Kì í ṣe pé lọ́yà burú, iṣẹ́ ẹ̀ ló ń ṣe. Ohun tí mo fẹ́ kó yé èèyàn ni pé citation ò lè sọ iye ẹni tí àìsàn kan ń pa, iye àwọn tó ń kọ̀wé nípa ẹ̀ ló ń sọ. COVID wọlé gbogbo ayé, lábù tó ń ṣe jẹjẹrẹ gbé e sílẹ̀ ó ṣe COVID, owó wà nílẹ̀, ìwé pọ̀, ìbà náà á pọ̀. Àwọn tó ń ṣe Lassa ò pọ̀, lábù tó lè di kòkòrò yẹn mú láàyè ò tó nǹkan nítorí ewu ẹ̀, nígbà náà ta ló fẹ́ wá tọ́ka sí mi ní ìgbà igba? 14 nínú àwọn ìwọ̀nba yẹn, lójú tèmi, ìbà ńlá ni.

Ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e ni èmi àti bàámi tún padà sórí ọ̀rọ̀ yìí. Bàámi ń po àjẹsára àrùn Gumboro fún àwọn òròmọdìyẹ, wọ́n ti gba omi kúrò níwájú wọn láti ìdájí kí òùngbẹ lè gbẹ wọ́n, wọ́n bu mílíìkì díẹ̀ sínú omi kí àjẹsára má baà bàjẹ́. Mo ní bàámi, ẹ mọ̀ pé ohun tí Gumboro ń jẹ nínú adìyẹ ni wọ́n fi sọ sẹ́ẹ̀lì tí mò ń ṣe lórúkọ? Wọ́n gbé korobá sílẹ̀.

Àpò kékeré kan wà lẹ́yìn adìyẹ, lókè ibi tó ti ń yàgbẹ́, bursa lorúkọ ẹ̀, Fabricius ará Ítálì ló ti rí i tipẹ́tipẹ́ ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó mọ iṣẹ́ ẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Bruce Glick, ní Ohio State, wá gé e kúrò lára àwọn òròmọdìyẹ kan láti wo ohun tó máa ṣẹlẹ̀. Ẹlòmíì, Timothy Chang, yá nínú àwọn adìyẹ yẹn kó fi kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì bí antibody ṣe ń jáde, ó gún wọn lábẹ́rẹ́, antibody ò jáde lára àwọn tí wọ́n ti gé tiwọn. Báyẹn ni wọ́n ṣe mọ̀. Wọ́n fi ránṣẹ́ sí jọ́nà Science, wọ́n dá a padà. Poultry Science ló gbà á ní 1956.

Bàámi ní, "Ìwé àwa ọlọ́sìn adìyẹ?"

Mo ní ìwé ẹ̀yin ọlọ́sìn adìyẹ ni. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn dókítà fi kọjá lára ẹ̀, àfìgbà tí Max Cooper àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ní Minnesota gbé e ní 1965. B tó wà nínú B cell, B bursa yẹn ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwa èèyàn ò ní bursa, inú mùdùnmúdùn egungun ni tiwa ti ń jáde. Ìdí nìyí tí Gumboro fi burú, ó ń jẹ ilé ìwé tí àwọn ọmọ ogun ti ń kọ́ ogun, tó bá jẹ ẹ́ tán àìsàn tó bá kọjá ló lè pa adìyẹ. Bàámi ní àwọn ti ń fún wọn láti ogún ọdún, òní ni ẹnì kan ń sọ fún wọn ohun tó ń gbà sílẹ̀.

Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni wọ́n bèèrè pé orúkọ ta ló wà lára pépà Lassa. Mo ti gbàgbé pé mi ò tíì sọ. Orúkọ wọn ni, orúkọ ilé wa, torí mi ò tíì lọ́kọ nígbà yẹn. Ti COVID ń jẹ́ orúkọ ọkọ mi. Fún ọdún méjì gbáko ni Google Scholar fi rò pé èèyàn méjì ni mí, ẹ̀yin obìnrin tó ń bọ̀ lẹ́yìn, ẹ gba ORCID, nọ́ńbà ìdánimọ̀ àwa olùṣèwádìí, kẹ́ ẹ tó ṣègbéyàwó, nọ́ńbà oníga 16 náà máa tẹ̀ lé yín láti orúkọ dé orúkọ.

Mo kọ̀wé sí lọ́yà kí n tó sùn. Mo ní COVID lè ṣíwájú, ṣùgbọ́n Lassa máa ní lẹ́tà ẹ̀rí tiẹ̀, lọ́wọ́ onímọ̀ kan ní Sierra Leone tó wà nínú àwọn 14 yẹn, tí a ò pàdé rí. Ó ti kọ ọ́ báyìí, ojú ìwé mẹ́ta.

Ní Mọ́ńdè bàámi ní kí n gbé àwọn lọ sí business centre lẹ́bàá FUTA. Wọ́n tẹ pépà náà jáde, ojú ìwé mọ́kànlá, wọ́n wọ gíláàsì, wọ́n fi ìka tọ orúkọ wọn lókè. Wọ́n bi mí pé àwọn 14 yẹn, ibo ni wọ́n wà. Mo ń kà á fún wọn, Sierra Leone, Guinea, Jámánì, Ẹdó, wọ́n ń mi orí. Tá a délé, inú fáìlì tí wọ́n ń kọ ọjọ́ àjẹsára adìyẹ sí ni wọ́n fi í sí.